Nọ́ọ̀sì Tí Kò Mọ Abẹ́rẹ́ Gún

Dádì mi, ẹni tí mo fẹ́ràn tí mo sì ń bínú sí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn ka lẹ́tà níbi tí ẹ wà, àmọ́ tí wọ́n bá ń gbà yín láyè, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí, torí kì í ṣe lẹ́tà ìkíni. Ọdún ti fẹ́ pé tí ẹ ti kú. Ní Sátidé tó ń bọ̀, níwájú gbogbo ìjọ mi, èmi ni màá dúró ka orúkọ àwọn òkú tí ìrántí wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yìí, kí àwọn ọmọ wọn tó dìde gbàdúrà fún wọn. Bí àwa Júù ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Orúkọ yín wà lára wọn. Bàbá àgbà kan tó ń bójú tó ètò ní sínágọ́gù wa pè mí lórí fóònù lánàá, ó ní, "Rábì, bàbá yín ńkọ́? Kí ni ká pè wọ́n?"

Èmi tí mo máa ń kọ́ àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń sin òkú wọn, mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín nìyẹn. Kí ni kí n pè yín, Dádì? Ẹ̀yin náà, kí lẹ pè mí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, kí ẹ má bàa sọ pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Àbúrò mi Káyọ̀dé ló ń gbé inú ilé yín ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, báyìí. Ó ti kun pálọ̀, àmọ́ kò gbé àga yín kúrò lójú fèrèsé. Reluwé tuntun tí wọ́n ní ó ń bọ̀ ní Woolwich, èyí tí ẹ máa ń sọ pé ẹ ò ní kú kẹ́ ẹ tó wọ̀, kò tíì dé. Wọ́n tún ti sún un síwájú. Ọkùnrin tó ń ta iṣu ní Powis Street ṣì ń béèrè yín. Mo sọ fún un pé ẹ ti kú, ó bá mi kẹ́dùn dáadáa, ìgbà tí mo tún padà lọ, ó tún béèrè yín.

Ilé wa àkọ́kọ́, ní Woolwich Dockyard, ni mo máa ń rántí jù. Lẹ́yìn tí Mọ́mì kú, ẹ ò kó wa ránṣẹ́ sílé bí gbogbo èèyàn ṣe gbà yín níyànjú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń di irun mi, ẹ sì ń dì í burúkú. Láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tó lọ sí gáréèjì tí ẹ ti ń fọ bọ́ọ̀sì, ẹ máa gbé ike omi ka orí tábìlì, ẹ máa tan àbẹ́là, ẹ máa wọ sùtánà funfun tí ẹ fi ń ṣe wòlíì ní ìjọ aládùúrà yín, ẹ máa bọ́ sálúbàtà sí ẹnu ọ̀nà ìdáná, ẹ máa wá jí mi. Káyọ̀dé kì í jí. Èmi lẹ kọ́ pé Sáàmù tí wọ́n ń kà sórí omi aboyún yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wáṣẹ́, ti aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò rí oorun sùn. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Tẹ́ ẹ bá wá dé ibi àwọn orúkọ mímọ́ yẹn, àwọn orúkọ Hébérù tí àwọn wòlíì máa ń pè, ohùn yín á yí padà. Mo bi yín pé kí ni ìtumọ̀ wọn. Ẹ ní àwọn tó kọ́ yín ò sọ fún yín. Ẹ ní tí mo bá dàgbà, kí n lọ wádìí rẹ̀ wá.

Mo lọ wádìí rẹ̀ o, Dádì. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Tá a bá gbàdúrà tán, ẹ máa ń gbé mi dúró lórí àga pé kí n wàásù. Rẹ́fúrẹ́ǹdì kékeré lẹ máa ń pè mí. Màá máa pariwo mọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ìkòkò pé kí wọ́n ronú pìwà dà, ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín. Àmọ́ ní Sọ́ńdè, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, wọ́n ní tó bá ti dé, kí n dúró sílé. Mo wá bi yín lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni wọ́n máa jẹ́ kí n wàásù nídìí pẹpẹ. Ẹ ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí obìnrin ń dé. Jẹ́jẹ́ lẹ sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ẹ kọ́ mi ní gbogbo nǹkan tí wọ́n ń lò níbi tí ẹ ò ní jẹ́ kí n dé. Kí lẹ wá rò pé màá fi ṣe?

Yunifásítì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Hébérù, nítorí àwọn orúkọ yẹn. Obìnrin ni olùkọ́ wa, rábì sì ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lọ sí sínágọ́gù, mo rí i tó gbé ìwé Òfin mọ́ àyà níwájú gbogbo èèyàn bí ẹni gbé ọmọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó kúrò níbẹ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Woolwich. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo di Júù. Wọ́n kọ́kọ́ lé mi padà, nítorí wọn kì í tètè gba èèyàn, mo tún lọ, mo kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gbà mí. Nígbà tí mo wá sọ fún yín, ẹ ò bú mi. Ì bá sàn kẹ́ ẹ bú mi. Ẹ dìde, ẹ lọ ń fọ àwọn abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí tí mo di rábì, mo fi àga kan sílẹ̀ fún yín ní iwájú pátápátá. Káyọ̀dé nìkan ló wá. Ó ní ẹ múra. Ó ní ẹ wọ súùtù búráùn yẹn, ẹ kun bàtà títí ó fi ń dán, takisí sì ti ń fun fèrè níta, ẹ kàn jókòó sórí àga yín lójú fèrèsé, ẹ ò dìde mọ́. Ó rò pé ìyẹn máa tù mí nínú. Ó wá burú sí i ni. Ẹni tí kò múra, mo lè sọ pé kò fẹ́ wá. Ẹni tó múra tán tó wá jókòó, kí ni kí n sọ nípa rẹ̀? Wọ́n ya fọ́tò, àga òfìfo yẹn wà nínú rẹ̀, mi ò lè gbé e kọ́.

Ẹ ò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe lójúmọ́. Mò ń sọ ọmọ lórúkọ. Mò ń so tọkọtaya pọ̀. Mò ń jókòó ti àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kì í wá, mò ń bá àwọn ọmọ tí kò fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jà kí wọ́n lè kẹ́kọ̀ọ́. Àlejò kan wá sí ìsìn wa nígbà kan, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi rábì hàn òun. Mo gba kóòtù, mo gbé e kọ́ dáadáa, mo gòkè lọ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ojú ọkùnrin yẹn ò ṣeé wò. Ì bá pa yín lẹ́rìn-ín gan-an, mo sì fẹ́ wá sọ fún yín ní Thamesmead lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí n tó rántí pé a kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi nínú ilé yẹn. Mo bá kàn sọ̀rọ̀ nípa òtútù ìta.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wá gún mi dọ́kàn, Powis Street ni mo wà, lẹ́nu ọ̀nà oníṣu yẹn. Mọ́mì Ẹ̀bùn, ìyá ìjọ yín, rí mi lókèèrè, ó sáré wá dì mọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run ló rán mi. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ká ìró sókè dé orúnkún lójú gbogbo èèyàn, ó ní kí n tẹ ẹsẹ̀ òun wò, kí n sọ fún òun bóyá iyọ̀ ló ń mú un wú. Ó ní Wòlíì ti sọ fún ìjọ pé ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni mí ní òdìkejì odò, iṣẹ́ mi ni kì í jẹ́ kí n rí àyè wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní wọ́n máa ń gbàdúrà fún mi pé kí n má kó àrùn lára aláìsàn. Mo tẹ ẹsẹ̀ Mọ́mì Ẹ̀bùn. Mo ní kó lọ rí dókítà rẹ̀. Ó súre fún mi, ó sì ra iṣu kan fún mi.

Mo gbé iṣu yẹn wọ bọ́ọ̀sì wá bá yín. Ẹ ń ṣa ẹ̀wà. Mo béèrè pé ṣé lóòótọ́ lẹ sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní, "Wòlíì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn?" Ẹ sì ń ṣa ẹ̀wà yín lọ. Mo fi iṣu sílẹ̀, mo lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ mọ bó ṣe ń rí. Nínú gbogbo ayé, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ará gáréèjì yẹn kọ̀ láti pe Adéníyì. Wọ́n ní ó gùn. Dẹ́nì ni wọ́n ń pè yín, wọ́n tiẹ̀ rán an mọ́ aṣọ iṣẹ́ yín láyà. Ẹ máa ń bọ́ aṣọ yẹn kúrò lára ní ìta kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ̀ẹ́ wá dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà, ẹ ò ní gbé ẹsẹ̀ síwájú, títí èmi àti Káyọ̀dé á fi kúnlẹ̀ tá a máa ní, "Wòlíì Adéníyì, ẹ káàbọ̀ o." Ìgbà yẹn ni ojú yín á tó tú ká, ìgbà yẹn lẹ máa tó wọlé. Ojoojúmọ́ la ń ṣe é. Nínú òjò, nínú yìnyín, ẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi pè yín ní ohun tí ẹ jẹ́. Ẹ ò wá rò ó pé ọmọ tó ń kúnlẹ̀ yẹn ń wò yín?

Nígbà tí àìsàn dé, èmi lẹ ní kí wọ́n pè. Mo sì wá. Ẹ ní kí n fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì ká, kí n ka Sáàmù aláìsàn fún yín ní Hébérù. Mo kà á. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ pa ojú dé, ẹnu yín ń mì, nítorí pé ẹ mọ ibi tí mo dé nínú rẹ̀. Tí mo bá dé ibi orúkọ mímọ́ kan, ẹ máa ń fún ọwọ́ mi mọ́ra. Mo sọ ìtumọ̀ àwọn orúkọ náà fún yín, gbogbo èyí tí ẹ ní kí n wádìí, ẹ sì ń mi orí bí ọmọdé. Mo rò nínú ara mi pé ó ti tán, pé ìjà ti parí, pé bàbá mi ti rí mi.

Àwọn ará ìjọ bá dé. A gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ yọ ọwọ́ yín lọ́wọ́ mi, Dádì. Ẹ̀yin tí ẹ ò lágbára láti gbé kọ́ọ̀pù, ẹ rí agbára fa ọwọ́ yọ. Wọ́n wọlé pẹ̀lú sùtánà wọn, wọ́n ní nọ́ọ̀sì wa náà wà níbí, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san án fún yín. Alàgbà kan nawọ́ sí omi tí wọ́n fà sí yín lára, ó bi mí pé irú oògùn wo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yára dáhùn pé wọ́ọ̀dù tèmi yàtọ̀ sí ibí. Àìsàn ń pa yín lọ, irọ́ yín ò ṣàìsàn. Nọ́ọ̀sì gidi tó wà níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wò mí, ó bá ti ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ tún na ọwọ́ yín sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní, "Ka èyí tó kù."

Mo kà á tán. Mi ò di ọwọ́ yẹn mú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n ka Sáàmù kan ṣoṣo létí sàréè. Káyọ̀dé ló bá mi lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní obìnrin kì í ṣe ìsìn níbẹ̀, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí, èmi ni màá kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀. Alàgbà tó ń darí ètò pariwo pé kí àkọ́bí Wòlíì jáde, nọ́ọ̀sì wa. Mo jáde. Níbi tiwa, Dádì, ẹ̀yìn ṣọ́bìrì la fi ń kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sórí òkú ẹni. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ló máa ń gbé, ó ń ṣòro, ó sì yẹ kó ṣòro, kí òkú lè mọ̀ pé a ò kánjú láti bo òun mọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún yín tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo yí ṣọ́bìrì dojú bolẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ bù ú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, pé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, kò mú ṣọ́bìrì rí. Ọkùnrin kan wá, onínúure ni, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Báyìí ni wọ́n ń mú un, Nọ́ọ̀sì."

Mo fi ojú rẹ̀ bù ú bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì kún dáadáa. Bí mo ṣe sin yín nìyẹn, bí ẹni tó ń kánjú.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìjọ mi gbé oúnjẹ wá sílé mi, wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní kí n sọ nípa bàbá mi. Mo sọ nípa irun tí ẹ ń dì burúkú, mo sọ nípa ike omi àti àbẹ́là. Wọ́n sunkún, wọ́n ní bàbá rere ni yín. Mi ò sọ nípa nọ́ọ̀sì. Mo bo àṣírí yín fún àwọn èèyàn tí ẹ ò fẹ́ mọ̀ rárá.

Torí náà, nígbà tí bàbá àgbà yẹn bi mí lánàá pé kí ni ká pè yín, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Dẹ́nì ló wá sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ dúró níwájú gbogbo wọn kí n pe Dẹ́nì, ẹni tó ń fọ bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà, níbikíbi tí ẹ wà, kẹ́ ẹ máa retí, kí ẹnikẹ́ni má pè yín. Inú mi dùn sí i. Mo sùn pẹ̀lú ẹ̀, mo jí pẹ̀lú ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ kí Káyọ̀dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó yí padà, ó ń lọ sí ìdáná, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó wẹ̀yìn, mo ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé mo dúró. Ẹsẹ̀ mi ò kàn lọ. Ó ní, "Sista mi, wọlé jọ̀ọ́, òtútù ń wọlé." Ó pẹ́ kí n tó wọlé. Àga yín wà lójú fèrèsé. Mi ò jókòó lé e.

Mo ti pe bàbá àgbà yẹn padà. Mo sọ orúkọ náà fún un, ó gbìyànjú láti pè é, ó bà á jẹ́ pátápátá, ó sì tún gbìyànjú. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi fúnra mi ni màá pè é. Ní Sátidé, màá da aṣọ àdúrà mi bo èjìká, màá dúró níwájú, níbi tí ẹ ní obìnrin kì í dé. Màá ní, Wòlíì Adéníyì, ọmọ Akínwálé, ará Thamesmead. Mi ò ní gé e kúrú, mi ò sì ní rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín. Mi ò tíì débẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá màá débẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí, kí ẹni tó jẹ́ ti ẹni pe èèyàn ní ohun tó jẹ́ lójú gbogbo ayé, kí ojú má sì tì í.

Ẹ sùn re, Dádì.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín. Rábì ni mí. Mi ò mọ abẹ́rẹ́ gún.